Ẹ̀rù Àṣìṣe Nínú Iṣẹ́ Ọnà

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ewì tàbí eré-onítàn wà lọ́kàn wọn, ṣùgbọ́n tí wọn kò jẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀rù pé kò ní dára.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, ọ̀gá agbẹ́gilére tí ó kú ní 1938. Bí òǹkọ̀wé bá ṣi ọ̀rọ̀ kọ, yóò pa á rẹ́. Igi tí agbẹ́gilére bá gé dànù kò ṣeé lẹ̀ padà. Síbẹ̀ Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, ó sì jẹ́ kí àwọn ère ara rẹ̀ yọ síta ju bí ojú ti ń rí i lọ. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi àfihàn ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. British Museum fẹ́ rà á. Ògògà kò tà á. Ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ ńkọ́? Ó tún gbẹ́ òmíràn fún ààfin.

Ẹni tí ó rò pé ẹyọ iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó wà nínú òun ni ẹ̀rù ń bà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má fi gègé pupa pa iṣẹ́ àkọ́kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yín. Ẹ ní kí ó mú èkejì wá.