Ojú Ọ̀nà Omi Nínú Kíndìnrín àti Ọmọ Ẹlẹ́jẹ̀ SS

Láàárín wákàtí 24, nǹkan bí 180 lítà omi ni kíndìnrín àgbàlagbà ń sẹ́ láti inú ẹ̀jẹ̀, síbẹ̀ ìtọ̀ rẹ̀ kì í sábà ju lítà kan àbọ̀ sí méjì lọ, nítorí pé omi tó kù ti padà sínú ẹ̀jẹ̀ kí ó tó dé àpò ìtọ̀. Ọ̀rá ló pọ̀ jù nínú awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì, omi kì í sì í tètè la ọ̀rá kọjá. Ní 1992, Peter Agre àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé pùrótéènì kan ni omi ń gbà kọjá: wọ́n mú kí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ pèsè pùrótéènì náà, wọ́n sọ ẹyin sínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì wú títí ó fi bẹ́, nígbà tí ẹyin tí kò ní in kò bẹ́. Aquaporin ni orúkọ tí wọ́n fún irú pùrótéènì bẹ́ẹ̀.

Oríṣi rẹ̀ pọ̀. Aquaporin-1 kì í tì, òun ló sì ń dá omi tó pọ̀ jù lọ padà. Aquaporin-2, tó wà nínú àwọn ọ̀pá tín-ín-rín tí ìtọ̀ ń gbà kẹ́yìn nínú kíndìnrín, ló ń gbọ́ àṣẹ. Bí oníṣòwò bá pàtẹ sínú oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ ní Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn, tí ó làágùn títí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi ń ki, ọpọlọ rẹ̀ yóò tú họ́mọ̀nù vasopressin jáde. Aquaporin-2 tó wà nípamọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì yóò bọ́ sí ojú awọ rẹ̀, omi yóò gba ibẹ̀ wọlé láti inú ìtọ̀, yóò sì gba ara aquaporin-3 àti -4 jáde lẹ́yìn sẹ́ẹ̀lì, padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ìtọ̀ rẹ̀ yóò kéré, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì ṣú, títí yóò fi mu omi tẹ́rùn.

Ohun tó gba àtẹnumọ́ ni pé aquaporin kì í fa omi. Ojú ọ̀nà lásán ni; iyọ̀ àti yúríà tó kórajọ sí àárín kíndìnrín ló ń fà á, bí wọn kò bá sì tó, ojú ọ̀nà ìbáà ṣí sílẹ̀ gbayawu, omi kò ní kọjá bó ṣe yẹ.

Ibí yìí gan-an ni àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tó ń bá ẹlẹ́jẹ̀ SS jà, ti ń ṣọṣẹ́. Ọ́síjìn ṣọ̀wọ́n ní àárín kíndìnrín, iyọ̀ ibẹ̀ sì ń fa omi kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì pupa. Nǹkan méjèèjì yìí ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹlẹ́jẹ̀ SS tẹ̀ bíi dòjé, kí ó há sínú òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó ń ṣọ́ iyọ̀ náà, kí ó sì bà wọ́n jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kíndìnrín tó dá ṣáṣá lè mú kí ìtọ̀ ki tó ìlọ́po mẹ́rin omi ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ti àgbàlagbà ẹlẹ́jẹ̀ SS kì í fi bẹ́ẹ̀ ki ju ẹ̀jẹ̀ lọ, bí vasopressin tilẹ̀ ń pàṣẹ.

Ọmọ ẹlẹ́jẹ̀ SS tó ń tọ̀ọ́lé ní Bódìjà tàbí Agbowó kì í ṣe ọ̀lẹ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni nà án. Ìtọ̀ rẹ̀ pọ̀ lóru ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Òbí tó bá ń fi omi dù ú kí ẹní má bàa tutù ń ṣe é ní jàǹbá, nítorí kíndìnrín rẹ̀ kò lè dín ìtọ̀ kù bó ṣe yẹ: omi ara rẹ̀ ni yóò máa lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò ki, sẹ́ẹ̀lì púpọ̀ sí i yóò tẹ̀, ìrora egungun yóò sì dé. Kí wọ́n máa jí i tọ̀ lóru, kí ìgò omi rẹ̀ wà lórí tábìlì rẹ̀ ní kíláàsì, kí olùkọ́ sì jẹ́ kí ó jáde nígbàkígbà tí ìtọ̀ bá gbọ̀n ọ́n.