Kẹ̀kẹ́ Àyálò

Ẹni tí ó bá ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Ọ̀rányàn lọ sí orí òkè Mápó mọ̀ pé agbára ẹsẹ̀ nìkan kò tó. Bí ṣéènì bá já, akíkanjú yóò sọ̀kalẹ̀, yóò máa tì í ni.

Irú èyí ni ó bá Ese Ukpeseraye, ọmọ Nàìjíríà, ní ìdíje Òlíḿpíìkì ní Paris, ní oṣù kẹjọ ọdún 1924 + 100, èyíinì ni 2024. Eré ojú títì ni ó bá lọ. Nígbà tí ó kù díẹ̀, wọ́n tún fún un láàyè nínú eré inú pápá róbótó, èyí tí a ń fi kẹ̀kẹ́ tí kò ní bíréèkì sá. Kò ní irú rẹ̀. Àwọn ará Jámánì ni ó yá a ní tiwọn. Kò gba àmì-ẹ̀yẹ. Aṣọ àyálò kì í yẹni. Rẹ́gírẹ́gí ni ohun ẹni í bá ni mu.

Ẹ wo Jiří Daler, ọmọ Czechoslovakia àtijọ́, tí ó gba wúrà nínú eré inú pápá ní Tokyo lọ́dún 1964. Orílẹ̀-èdè rẹ̀ ń rọ kẹ̀kẹ́ eré-ìje Favorit fúnra rẹ̀ ní ìlú Rokycany.

Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ adúláwọ̀ rọ̀. Biniam Girmay, ọmọ Eritrea, borí lẹ́ẹ̀mẹta nínú Tour de France ọdún 2024, ó sì gba ẹ̀wù aláwọ̀ ewé.

Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá rí ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ líle ní Ọ̀rányàn, kí ó má fi ìyìn nìkan sìn ín. Kẹ̀kẹ́ ni kí a kọ́kọ́ bá a wá.