Obì Nínú Ìgò: Ọ̀rọ̀ Lórí Mínírà, Sóbò àti Kúnú

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣooṣù ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní Kánò)

Àwọn Olóyè ni wọ́n ní kí n wá sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ohun mímu wa, pàápàá mínírà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Mo gbọ́ pé àwọn kan rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n mọ̀ pé èmi ni a fi iṣẹ́ náà rán, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé mínírà wà lára ọjà tí mo ń tà ní ìsọ̀ mi. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń tà á ni ó mọ iye tí àwọn ènìyàn ń rà.

Ẹ jẹ́ kí n gba orí obì wọlé. Nílé wa, obì ni a fi ń kí àlejò káàbọ̀. Obì náà ni ó sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa mọ ọ̀nà Òkè Ọya. Láti 1912 tí ọkọ̀ ojú irin ti ń ti Èkó dé Kánò, kò pẹ́ tí gbànja Agége àti ti Rẹ́mọ fi di ẹrù ńlá nínú ọkọ̀ náà, tí a ń kó o wá fún àwọn Hausa tí wọ́n ń pè é ní goro. Bí a ti ń kó obì wá síhìn-ín, obì ti dé ibòmíràn ṣáájú. Ní 1886, apòògùn kan ní ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ John Pemberton, po omi dídùn kan, ó fi èròjà ewé coca àti ti obì sí i. Ibẹ̀ ni orúkọ Coca-Cola ti jáde. Obì ni "Cola" yẹn, ẹ̀yin ará mi. Kaféènì tí ó wà nínú obì, tí kì í jẹ́ kí oorun tètè kun ẹni tí ó bá jẹ ẹ́, ó wà nínú ìgò náà títí di òní.

Ní 1953 ni Nigerian Bottling Company bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Coca-Cola ní Èkó. Ní ọjọ́ kìíní oṣù October 1960, ọjọ́ tí a gba òmìnira gan-an, ni ilé iṣẹ́ 7-Up bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Láti ìgbà náà ni obì ti ń sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ nínú àwo àlejò, tí ìgò sì ń gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Obì korò, bí ènìyàn bá jẹ awẹ́ kan, ó tó o. Ìgò dùn, bí a bá mu ọ̀kan tán, ojú a máa wá èkejì.

Kí ni ó wà nínú rẹ̀? Lára agolo Coca-Cola tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, èyí tí ó gba mìlílítà 355, wọ́n kọ ọ́ pé ṣúgà inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 39. Ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì, gíráàmù 4 ni ó ń gbà. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó kù díẹ̀ kí ó pé ṣíbí mẹ́wàá. Iye ti ìgò tiwa lè yàtọ̀ sí èyí, nítorí náà ẹ máa ka ara ìgò. Ibi tí wọ́n bá ti kọ iye rẹ̀ fún mìlílítà 100, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún bí ó bá jẹ́ ìgò 50 cl ni ẹ mú lọ́wọ́. Bí ẹnìkan bá bu ṣíbí ṣúgà mẹ́wàá sínú ife tíì kan ṣoṣo fún yín, ẹ ó béèrè bóyá orí rẹ̀ pé. Òtútù àti ohun kíkan tí ó wà nínú mínírà ni kì í jẹ́ kí ahọ́n mọ̀. Ẹ ṣí ọ̀kan sílẹ̀ di ọ̀sán, kí gáàsì rẹ̀ lọ, kí ó sì lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ wá tọ́ ọ wò.

Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó dára kí ṣúgà tí a ń fi kún oúnjẹ àti ohun mímu má ju bíi gíráàmù 25 lọ fún àgbàlagbà ní òòjọ́, ìyẹn bíi ṣíbí mẹ́fà. Ìgò kan ti kọjá rẹ̀, a kò sì tí ì ka tíì òwúrọ̀. Mo ń rí àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń wa kẹ̀kẹ́ ní ìgboro, bí oòrùn oṣù April bá mú, wọn a ra búrẹ́dì àti mínírà tútù méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Òǹgbẹ omi ni ó ń gbẹ wọ́n. Lẹ́yìn wákàtí kan wọ́n tún ti padà dé.

Ọ̀rọ̀ mọ́ọ̀tì náà wà níbẹ̀. Bí aboyún bá wà nílé, tàbí tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé, mọ́ọ̀tì àti mílíìkì ni a ń gbé lọ kí i, a ní ó ń fún ni ní ẹ̀jẹ̀. Àwọ̀ dúdú yẹn ni ó ń tàn wá. Omi ṣúgà ni mọ́ọ̀tì, gẹ́gẹ́ bí àwọn yòókù. Ohun tí ń fún aboyún ní ẹ̀jẹ̀ ni oògùn tí wọ́n ń fún un ní ilé ìwòsàn, àti ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ẹran. Owó mọ́ọ̀tì mẹ́fà a ra ẹ̀wà tí yóò pẹ́ nílé.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ó ń dùn mí jù. Nínú ẹgbẹ́ yìí a ní àwọn àgbà tí wọ́n ní àtọ̀gbẹ. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ wọ́n, àwọn náà sì mọ ara wọn. Bí wọ́n bá lọ síbi ìsọmọlórúkọ, a óò gbé ìgò ka iwájú wọn, a óò ti ṣí i. Bí bàbá bá ní òun kò mu, onílé a fajúro, yóò ní, "Bàbá, ṣé ẹ kò fẹ́ bá wa yọ̀ ni?" Bàbá a mu ún nítorí ojú. Mo ti rí èyí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní apá kejì, mo mọ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n wá gba kíréètì àwìn ní ìsọ̀ mi fún ìsọmọlórúkọ àkọ́bí wọn, tí ọmọ náà ti ń rìn kí wọ́n tó san gbèsè tán, nítorí kí àwọn ará ilé má baà sọ pé, "Mínírà lásán, wọn kò fún wa mu." Mínírà ti wá di ẹ̀rí pé a bọ̀wọ̀ fún ni. Èmi tí mo ń gba owó rẹ̀ ni mo ń sọ pé kò yẹ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ yóò sọ pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, èyí tí kò ní ṣúgà ni àwa ń mu." Ẹ jẹ́ kí a gbé e yẹ̀ wò. Ohun àmúdùn tí kì í ṣe ṣúgà ti pẹ́ láyé. Sakarín ni ó ṣáájú. Ní 1879, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, ọ̀gbẹ́ni Constantin Fahlberg ń ṣiṣẹ́ lórí ohun tí wọ́n ń rí lára ọ̀dà èédú. Ó jókòó sídìí oúnjẹ alẹ́ láìfọwọ́, búrẹ́dì tí ó mú sì ń dùn bí oyin. Ohun tí ó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ ni. Sakarín dùn ju ṣúgà lọ ní nǹkan bí ọ̀nà 300. Aspartame tẹ̀lé e ní 1965, sucralose sì dé ní 1976.

Ẹ̀rù sakarín ba àwọn Amẹ́ríkà nígbà kan, nítorí pé èkúté tí wọ́n fún ní púpọ̀ ní jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀. Láti 1977 ni wọ́n ti pàṣẹ pé kí a kọ ìkìlọ̀ sára rẹ̀. Ní 2000 wọ́n mú ìkìlọ̀ náà kúrò, nítorí wọ́n rí i pé ohun tí ó ṣe èkúté kì í ṣe ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ní 2023 ọ̀rọ̀ kan aspartame: àwọn onímọ̀ jẹjẹrẹ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í sí ara àwọn ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó fa jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rí rẹ̀ kò lágbára. Ìgbìmọ̀ kejì tí ó ń wo ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò yí òṣùwọ̀n àtijọ́ padà; wọ́n ní ẹni tí ó bá tẹ̀wọ̀n tó 70 kg yóò ní láti mu ju agolo 9 sí 14 lọ lójúmọ́ kí ó tó rékọjá rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni Àjọ náà sọ pé kí ènìyàn má ṣe gbójú lé ohun àmúdùn wọ̀nyí láti fi dín sísanra kù, nítorí pé kò ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí ó bá pẹ́. Wọ́n yọ ẹni tí ó ti ní àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀ kúrò nínú ìmọ̀ràn yìí. Ní tèmi, n kò rí ìdí tí a ó fi sá fún un bí ẹni rí ejò, n kò sì rí ìdí tí a ó fi máa mu ún bí omi. Ohun kíkan inú rẹ̀ sì ń jẹ eyín, bí ó ní ṣúgà, bí kò ní.

Ti ilé iṣẹ́ ṣì sàn, wọ́n kọ ọ́ sára ìgò. Èyí tí ó wà nínú bókẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ìṣápá funfun tí a fi ń se ọbẹ̀ nílé, arákùnrin rẹ̀ pupa ni àwọn Hausa ń rẹ tí wọ́n fi ń ṣe sóbò. Ohun dáadáa ni, àmọ́ ó kan, bí ṣúgà sì ti wọ́n, àwọn kan nínú àwọn tí ń tà á a máa bu sakarín sí i, ìka ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta sóbò àti kúnú, mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá fi nǹkan sí i, kí ẹ sọ ọ́ fún ẹni tí ń rà á, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n bí a ti kọ ọ́ sára páálí rẹ̀.

Kúnú ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níhìn-ín mọ̀ pé "zaki" nínú orúkọ kúnú zaki, adùn ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Hausa. Jéró ni wọ́n ń lọ̀ pẹ̀lú atalẹ̀ àti kànáfùrù. Wọn a da omi gbígbóná sí apá kan, wọn a wá fi ọ̀dùnkún tútù tí a gún tàbí ọkà tí a ti mú hù sí i. Ọ̀dùnkún tàbí ọkà híhù yẹn ni ó ń sọ ìyẹ̀fun jéró di ṣúgà fúnra rẹ̀, tí ó ń mú kúnú ṣàn tí ó sì ń dùn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bu ṣúgà sí i. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ kò fi gbọdọ̀ mu ún láìwọ̀n nítorí pé wọ́n sọ fún un pé, "Kò sí ṣúgà níbẹ̀." Ṣúgà wà níbẹ̀.

Ìjọba ti dá sí i díẹ̀. Òfin ìṣúná 2021 fi náírà mẹ́wàá lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu aládùn. Lórí ìgò 50 cl, náírà márùn-ún ni. N kò rí oníbàárà mi kan tí ó tìtorí náírà márùn-ún padà sílé.

Ohun tí mo mú wá síwájú ìpàdé nìyí. Láti oṣù tí ń bọ̀, omi tútù ni kí a kọ́kọ́ gbé fún gbogbo ènìyàn, kí sóbò tí a kò fi ohunkóhun sí tẹ̀lé e, kí a gbé ṣúgà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí oníkálukú bu ìwọ̀n tirẹ̀. Kí obì padà sínú àwo. Ẹni tí ó bá ní òun kò mu mínírà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ìgò kan tí ó ní ṣúgà máa wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù Akọ̀wé nígbà gbogbo. Ẹni tí ó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì, bí oúnjẹ bá pẹ́, ṣúgà ara rẹ̀ lè lọ sílẹ̀. Yóò máa gbọ̀n, yóò máa làágùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dàrú. Nígbà náà ìgò yẹn ni oògùn, èyí tí kò ní ṣúgà kò lè ràn án lọ́wọ́. Bí kò bá sì mọ ara rẹ̀ mọ́, kí a má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Akápò, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: kíréètì mẹ́rin tí ẹgbẹ́ máa ń gbà lọ́wọ́ mi ní oṣooṣù, bí ìpàdé bá fọwọ́ sí i, ọ̀kan ni n ó gbé wá ní oṣù tí ń bọ̀.