Àwo Amọ̀ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́ àti Àmì Ìdí Rẹ̀
Ní Staffordshire, níbi tí amọ̀ àti èédú ti pọ̀, ni Josiah Wedgwood ti dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1759, tó sì mú kí creamware, ìyẹn àwo amọ̀ aláwọ̀ wàrà tí a fi oje dídán bò, dára débi pé Ayaba Charlotte rà á. Kí ẹni tó ń kó irú àwo bẹ́ẹ̀ jọ dojú rẹ̀ dé, kó wo ìdí rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ orúkọ Wedgwood sí kí wọ́n tó sun amọ̀ náà. Bí “England” bá sì wà níbẹ̀, ó sábà máa ń fi hàn pé àwo náà kò ṣáájú ọdún 1891, nígbà tí òfin Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan pé kí ọjà òkèèrè máa gbé orúkọ ilẹ̀ tó ti wá.