Èéfín Oníbàárà, Ẹ̀dọ̀fóró Agbáwo

Alága wa, ẹ̀yin ojúgbà mi, ẹ̀yin adarí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ọtí àti òtẹ́ẹ̀lì, òní ni ọjọ́ tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ tábà. N kò ní pẹ́ lórí ìtumọ̀. Èéfín sìgá ẹlòmíràn tó ń wọ imú ẹni tí kò mu ún là ń sọ. Kẹ́míkà inú rẹ̀ ju 7,000 lọ, ó kéré tán 70 nínú wọn ń fa jẹjẹrẹ. Ẹ mọ èyí.

Ọ̀rọ̀ fèrèsé ni mo fẹ́ dúró lé. Ó ti lé ní ogún ọdún tí èmi àti àwọn kan ti ń fà á mọ́ra wa lọ́wọ́. Wọ́n ní kí onílé ọtí ṣí fèrèsé, kó tan fáànù, kó ya igun kan sọ́tọ̀ fún amusìgá, ó bùṣe. Kò bùṣe o! Fáànù kì í pa májèlé, ńṣe ló ń gbé e kiri. Ìròyìn tí ọ̀gá àgbà dókítà ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2006 là á mọ́lẹ̀ pé bó ti wù kí èéfín yìí kéré tó, ewu wà nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ fífẹ́ kò sì lè lé e tán. Igun tí ẹ yà sọ́tọ̀ yẹn náà, ta ló ń gbé ọtí lọ síbẹ̀?

Ẹ jẹ́ n sọ ti Heather Crowe. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ mi tí kò gbọ́ orúkọ yìí lẹ́nu mi rí. Agbáwo ni ní Ottawa, ní ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà, nǹkan bí ogójì ọdún ló fi ṣe é. Kò mu sìgá rí. Ní 2002, dókítà bá jẹjẹrẹ nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. A máa ń sọ pé ẹni tó bá jẹ gbì ní í kú gbì. Obìnrin yìí kò jẹ gbì, abọ́ àwọn tó jẹ ẹ́ ló ń kó. Ó kọ̀wé sí àjọ tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ bá ṣe léṣe ní Ontario, wọ́n sì gbà pé iṣẹ́ ló fà á. Ẹ tún un gbọ́: iṣẹ́ ló fà á. Ó gbé ojú rẹ̀ sórí tẹlifíṣàn, ó ń ti ìlú bọ́ sí ìlú, ó ní òun fẹ́ jẹ́ ẹni ìkẹyìn tí èéfín ibi iṣẹ́ máa pa. Ó kú ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún, 2006. Ní ọjọ́ 31 oṣù yẹn kan náà, irú òní gan-an, òfin lé sìgá kúrò nínú ilé ọtí àti ilé oúnjẹ Ontario. Kò ṣojú rẹ̀.

Èmi náà gbáwo rí. Nígbà ìsinmi, tí mo ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, mo ṣiṣẹ́ alẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì kan. Ìyá mi kì í jẹ́ kí n kó aṣọ iṣẹ́ wọ yàrá. Ẹ̀yìnkùlé ló ní kí n sá a sí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Èéfín inú àyà mi kò rí ibi tí wọ́n ń sá a sí.

Ẹ̀yin adarí ẹgbẹ́, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá yín wí díẹ̀. Ẹ ń jà fún owó oṣù, ó dáa. Ìgbà wo lẹ kọ afẹ́fẹ́ mọ́ ohun tí ẹ ń béèrè? Bí mo ṣe ń wọlé, àwọn kan nínú yín ń mu sìgá lẹ́nu ọ̀nà, lórí obìnrin tó ń ta omi.

Alága ti ń wo aago. Ireland ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó lé sìgá kúrò ní gbogbo ibi iṣẹ́ abẹ́ òrùlé, ilé ọtí pẹ̀lú, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, 2004. Àwa ní Nàìjíríà ní òfin tábà ti 2015, a ní ìlànà rẹ̀ ti 2019, ṣùgbọ́n àyè ṣì wà láti ya ibì kan sọ́tọ̀ fún amusìgá. Àyè yẹn ni kí ẹ bá àwọn aṣòfin jà lé lórí.