Níbo Ni Kí A Pàtẹ Ẹ̀kọ́ Wa Sí?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kan gbogbo ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kan tí ó sì lè fi kọ́ ẹlòmíràn: aránṣọ, aláró, olùkọ́ ìṣirò, àti ẹni tí ń fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ wa tí a bí sí òkè òkun. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ ní láti wá jókòó ti ọ̀gá rẹ̀. Lóde òní, aláró lè wà ní Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, kí ó ya fídíò bí a ti ń di àdìrẹ àti bí a ti ń rẹ ẹ́ sínú aró, kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Kánò tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ó sanwó, kí ó máa wò ó lórí fóònù. Ẹ̀kọ́ ti di ọjà tí a ń pàtẹ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè tí ó kù ni pé, inú ìsọ̀ wo ni kí a pàtẹ rẹ̀ sí?

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń wò ni ẹwà ìsọ̀ náà: àwọ̀ rẹ̀, àwòrán rẹ̀, àti bí orúkọ wọn yóò ti hàn gàdàgbà lójú rẹ̀. Èyí kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹni tí ìwé orúkọ àwọn oníbàárà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni ó ni ọjà. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun yòókù tí mo bá sọ, ẹ má ṣe gbàgbé èyí.

Oríṣi ìsọ̀ mẹ́ta ni ó wà. Èkíní ni ọjà ńlá tí èrò ti pé jọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Udemy, tí a dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2010, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Olùkọ́ kò san owó kí ó tó pàtẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí oníbàárà bá san ₦10,000, tí ó sì jẹ́ pé inú ọjà náà ni ó ti ṣàdédé rí ẹ̀kọ́ yín, 37 nínú 100 ni ti olùkọ́, èyí nì ₦3,700. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ fi ìlànà tiyín pè é wá, 97 nínú 100 ni tiyín, èyí nì ₦9,700. Ìyàtọ̀ náà pọ̀, àbí kò pọ̀? Síbẹ̀, nínú méjèèjì, ọjà náà kì í fún olùkọ́ ní àdírẹ́sì íméèlì àwọn tí ó rajà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kúrò níbẹ̀, ẹ̀yin nìkan ni ẹ ó kúrò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín yóò kù sẹ́yìn.

Èkejì ni ṣọ́ọ̀bù àyágbé. Irú rẹ̀ ni Teachable ti Amẹ́ríkà àti Thinkific tí a dá sílẹ̀ ní Kánádà ní 2012. Níhìn-ín, orúkọ àti íméèlì akẹ́kọ̀ọ́ wà lọ́wọ́ olùkọ́. Owó ṣọ́ọ̀bù ni kí ẹ ṣọ́ra fún, nítorí dọ́là ni wọ́n fi ń kà á, ọjà tà, ọjà kò tà. Kí a sọ pé ẹnì kan yá ṣọ́ọ̀bù dọ́là 40 lóṣù. Kí Nàìjíríà tó tú okùn ọrùn náírà ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí ₦470, owó rẹ̀ yóò sì jẹ́ ₦18,800. Nígbà tí dọ́là di ₦1,500 ní 2024, ṣọ́ọ̀bù kan náà di ₦60,000. Bí ó bá ń ta ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ₦10,000, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ni ó ń san owó ṣọ́ọ̀bù náà tẹ́lẹ̀. Ó wá di mẹ́fà kí olùkọ́ tó fi kọ́bọ̀ kan kan ọwọ́. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, Selar tí a dá sílẹ̀ ní 2016 ń jẹ́ kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ tajà láìsan owó oṣù. Ìgbà tí ọjà bá tà ni yóò yọ ìpín tirẹ̀. Ó sì ń gba náírà àti owó ilẹ̀ òkèèrè pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹta ni ilé ara ẹni. A lè fi WordPress, tí ó jáde ní 2003, tàbí Moodle, tí ó ti Ọsirélíà jáde ní 2002, kọ́ ọ. Ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a ó kọ́ ilé lé kì í ṣe ọ̀fẹ́. A ó yá àyè lórí kọ̀ǹpútà tí kì í sùn, a ó san owó orúkọ ìkànnì lọ́dọọdún, a ó sì máa tún un ṣe kí olè má baà wọlé. Ẹni tí kò ní àkókò fún èyí, tí kò sì ní ẹni tí yóò bá a ṣe é, kí ó má ṣe kánjú kọ́lé.

Ẹnì kan lè sọ pé, “Ilé iṣẹ́ ńlá ni èmi yóò lọ bá, tí kò lè ṣubú.” Ilé iṣẹ́ kò nílò kí ó ṣubú kí ó tó ti ìsọ̀. Google ṣí ọjà kan tí ń jẹ́ Helpouts ní oṣù kọkànlá 2013, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń kọ́ni lójúkojú nínú fídíò kí a sì sanwó fún wọn. Ní oṣù kẹrin 2015, wọ́n tì í pa. Google wà níbẹ̀ títí di òní. Àwọn tí ó pàtẹ ni ó palẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ béèrè ohun mẹ́rin. Èkíní: ǹjẹ́ mo lè kó orúkọ àti íméèlì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi jáde nígbà tí mo bá fẹ́? Bí ẹ bá sì kó wọn, ẹ pa wọ́n mọ́ dáadáa, nítorí Nàìjíríà ṣe òfin ní 2023 tí ń dáàbò bo ìròyìn ara ẹni. Èkejì: ǹjẹ́ fídíò mi gan-an wà nílé lọ́dọ̀ mi, àbí inú ìsọ̀ nìkan ni ó wà? Ẹ̀kẹta: báwo ni owó yóò ti wọ báǹkì mi? Paystack, fún àpẹẹrẹ, ń yọ 1.5 nínú 100 pẹ̀lú ₦100 lórí káàdì ilẹ̀ wa. Lórí ₦10,000, ₦250 ni. Ẹ̀kẹrin: ǹjẹ́ ẹni tí fóònù rẹ̀ kéré lè kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀?

Ẹ má fi ojú kékeré wo ẹ̀kẹrin yìí. Fídíò tí ó mọ́ dáadáa lè jẹ nǹkan bí 1 GB ní wákàtí kan. Ohùn nìkan, bí a bá fún un pọ̀ dáadáa, lè má tó 30 MB. Ẹ̀kọ́ wákàtí mẹ́wàá lè jẹ dátà tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ fi lo oṣù kan. Ní oṣù kẹta 2024, nígbà tí àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun gé nítòsí Abidjan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì falẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó ti gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù ni ó ń bá ẹ̀kọ́ lọ. Ẹ yan ìsọ̀ tí yóò gba irú èyí láàyè. Ẹ fi fóònù olówó pọ́ọ́kú dán an wò, kì í ṣe kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò gùn. Ẹ kọ́kọ́ kọ́ ènìyàn mẹ́wàá, kí ẹ mọ̀ bóyá wọ́n ń fẹ́ ẹ̀kọ́ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ìsọ̀ tí kì í gba owó oṣù. Ẹ má san owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan nítorí ẹ̀dínwó. Bí ẹ bá fẹ́ wà ní ọjà ńlá, ẹ fi ẹ̀kọ́ kékeré kan síbẹ̀ kí àlejò lè mọ̀ yín. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ìwé orúkọ àwọn oníbàárà yín, ẹ fi sí àpò tiyín. Ìgbà tí owó tí ìsọ̀ ń gbà lọ́wọ́ yín bá ti ju owó tí a ó fi bójú tó ilé lọ, ìgbà náà ni kí ẹ kọ́ tiyín.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọjà wa tà. Ó dìgbà kan ná.