Máàpù Ẹ̀fẹ̀ Tó Wà Lára Ògiri



Àwòrán tí ẹ ń wò lára ògiri yẹn ni wọ́n ní kí a sọ̀rọ̀ lé lórí. Máàpù Computer Village ni, ṣùgbọ́n ẹ má fi wá ọ̀nà o, ẹ ó sọnù. Ẹ̀fẹ̀ ni a ní kí ayàwòrán fi yà á.

Ẹ wo òpópónà Ọ̀tígbà. Ilé kan náà ni ó yà lẹ́ẹ̀mejì. Ní àkọ́kọ́, aṣọ wà lórí okùn, ewúrẹ́ sùn sí ẹnu géètì. Ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, ṣọ́ọ̀bù ti gbé ilé mì, okùn aṣọ ti di wáyà ṣájà. Bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́. Ibùgbé ni àwa mọ Ọ̀tígbà sí. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn oníkọ̀ǹpútà wọlé. Nígbà tí GSM dé ní 2001, ó di ọjà pátápátá.

Ní Pepple, Fẹlá gbé sásófóònù dání, ó ń bi ọmọ tó ń ta páálí fóònù pé ta ló ni ṣọ́ọ̀bù yìí. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ibẹ̀ ni kò mọ̀ pé Pepple ni Afrika Shrine wà, kí àwọn ọmọ Fẹlá tó kọ́ tuntun sí Agídíngbí ní 2000. Rélùwéè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1896 náà wà níbẹ̀: obì ni èrò inú rẹ̀, búrẹ́dì Agége ni dírẹ́bà.

Ibi tí a ti jà ni igun Ọlá Ayẹ̀ní. Ayàwòrán ya gbájúẹ̀ kan tó ń di fùfú sínú fóònù. Àwọn kan nínú wa ní kí ó pa á rẹ́, pé ojú àlejò ni. Ẹnìkan dìde, ó ní òun ti ra fùfú yẹn rí, owó òun kò sì pa rẹ́ nínú àpò ẹni tó gbà á. A dìbò, gbájúẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n a ní kí wọ́n ya olóòótọ́ mẹ́wàá yí i ká, torí àwọn ló pọ̀ jù.

Lókè pátápátá, ọjà gbé ẹrù lérí, ó ń béèrè ọ̀nà Katangowa. Ó ti pẹ́ tí ìjọba Èkó ti ń sọ pé wọn yóò kó o lọ síbẹ̀. Àwọn onílé tí ariwo jẹnẹrétọ̀ lé kúrò ń pàtẹ́wọ́. Àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni gbogbo wọn, tábìlì kan náà ni wọ́n sì jókòó sí lónìí.

A fi àyè funfun sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó bá rántí ilé tàbí igi máńgòrò tó wà ládùúgbò yẹn tẹ́lẹ̀, kó wá kọ ọ́ síbẹ̀. Bírò wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá bírò padà.